Gbígbé Orin Àtayébáyé Sórí Gìtá Oníná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ohun tí òwe yìí ń fi yé wa ni pé orin kì í ṣe ariwo lásán. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀, ètò sì ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ àti ètò náà, etí nìkan ni ó fi gbọ́ orin, kò fi ọkàn gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni a ó ṣe bí a bá fẹ́ mú orin tí a dá fún ohun-èlò kan, kí a sì gbé e sórí ohun-èlò mìíràn? Èwo ni ó gbọ́dọ̀ bá orin náà lọ, èwo ni a sì lè fi sílẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí. Gìtá oníná mànàmáná ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìdí tí a fi yan gìtá kò fara sin. Láti ìgboro Ìbàdàn títí dé àwọn ìlú kéékèèké àti abúlé oko tí ó yí i ká, bí Olódò tí ó wà ní ojú ọ̀nà Ìwó, kò sí ibi tí ọ̀dọ́ kò ti fẹ́ràn àti ta gìtá. Wọ́n ń ta á nínú ilé ìjọsìn, wọ́n ń ta á níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí ni ó gbà pé ẹni tí ìka rẹ̀ bá yá jù lọ ni ọ̀gá. Lóòótọ́, ìka tí ó yá dára. Ìka tí ó lọ́ra kò lè sọ gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn. Síbẹ̀, ẹni tí ń yára sọ̀rọ̀ tí kò sì ní ohun kan í sọ, wàhálà ni ó fi ń kó bá ẹni tí ń gbọ́ ọ. Kí á tó gbé orin kúrò ní ibùgbé rẹ̀, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí í ṣe mùdùnmúdùn rẹ̀. Nígbà tí a bá mọ èyí tán ni a ó tó mọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí á fi rán ìka wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ohun-èlò náà wò. Gìtá onígi ìgbà àtijọ́ ní ikùn tí ó ṣófo. Bí a bá ta okùn rẹ̀, ikùn náà ni í gba ìró okùn tí í sì í sọ ọ́ di ńlá, gẹ́gẹ́ bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ṣe ń sọ ìró ọwọ́ di ńlá. Gìtá oníná kò gbára lé ikùn. Irin ni okùn rẹ̀, lábẹ́ àwọn okùn náà sì ni a fi òòfà sí, tí a fi wáyà bàbà tínńtín wé e ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí okùn irin bá ti ń gbọ̀n lókè òòfà, agbára mànàmáná kékeré kan yóò máa ṣàn nínú wáyà náà, gbígbọ̀n rẹ̀ yóò sì bá ti okùn mu. Agbára kékeré yìí ni ó ń gba inú okùn kan lọ sínú ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá, tí àwọn òṣèré ń pè ní ampilifáyà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń bọ́ sí etí wa. Ní nǹkan bí 1932 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú gìtá yìí fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà.

Nítorí bí a ṣe ṣe é yìí, gìtá oníná ní àǹfààní méjì tí gìtá onígi kò ní. Èkíní ni pé bí ó ti wù kí a fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ kan okùn tó, a lè mú kí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gbọ́ ọ. Ìka lè fi ọwọ́ kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá. Èkejì ni pé ìró rẹ̀ lè pẹ́. Bí a bá ta okùn gìtá onígi, kíá ni ìró rẹ̀ ń kú. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ẹ̀rọ gìtá oníná ní agbára púpọ̀, ìró kan lè dúró pẹ́ títí bí ìró dùùrù ilé ìjọsìn tàbí ti gòjé. Nítorí náà ni ó fi ṣeé ṣe láti gbé orin tí a dá fún dùùrù àti fún gòjé Òyìnbó, èyí tí a ń pè ní fáólìn, sórí rẹ̀.

Gbígbé orin láti orí ohun-èlò kan sórí òmíràn kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwọn Òyìnbó. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù nínú iṣẹ́ orin ni Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, ẹni tí a bí ní 1685 tí ó sì kú ní 1750. Ó dá orin gígùn kan tí a ń pè ní Chaconne fún fáólìn kan ṣoṣo. Ìró ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni ìpìlẹ̀ orin yìí. Wọ́n ń padà wá léraléra bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn, nígbà tí ohun tí ó wà lókè wọn ń yí padà nígbà gbogbo. Johannes Brahms gbé e sórí pianó, ó sì kọ ọ́ fún ọwọ́ òsì nìkan, kí ó lè jọ pé ohun kékeré kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ ńlá náà. Ní 1935, Andrés Segovia, ará Spéènì, fi gìtá onígi ta á ní Paris. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí wọ́n rò pé ohun-èlò àríyá lásán ni gìtá. Orin mìíràn wà tí Isaac Albéniz dá fún pianó, tí a ń pè ní Asturias. Lónìí, gìtá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé orí pianó ni ó ti wá. Bí a bá gbé orin dáradára, ibùgbé tuntun a máa gbà á bí ọmọ ilé.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹni tí ó bá mọ dò rè mí yóò lóye rẹ̀ kíákíá. Okùn mẹ́rin ni fáólìn ní. Bí a bá kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, s, r, l, m ni ohùn wọn. Okùn mẹ́fà ni gìtá ní: m, l, r, s, t, m. Láti orí okùn kan dé èkejì lórí fáólìn, ìró márùn-ún ni a ó kà; lórí gìtá, mẹ́rin ni, àfi láàárín s àti t tí ó jẹ́ mẹ́ta. Nítorí èyí, ọ̀nà tí ìka onífáólìn ń gbà kọ́ ni onígìtá lè gbà. Ìró kan náà ni wọn yóò dé, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí oníkálukú yóò tọ̀. Bákan náà ni okùn ìsàlẹ̀ gìtá jìn ju ti fáólìn lọ. Níbi tí Bach ti fi ìró ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún etí olùgbọ́ láti fi ọkàn parí, onígìtá lè ta ìró náà jáde ní gbangba. Ẹni tí ó ń gbé orin gbọ́dọ̀ pinnu: ṣé kí òun fi kún un ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ bí ẹni tí ó dá a ṣe fi í sílẹ̀?

Lẹ́yìn Bach, ẹni tí àwọn onígìtá oníná fẹ́ràn jù ni Niccolò Paganini, ará Ítálì, tí ó gbé ayé láti 1782 títí di 1840. Ọ̀gá ni nínú fáólìn, ó sì mọ gìtá ta pẹ̀lú. Ó tẹ orin kéékèèké mẹ́rìnlélógún jáde ní 1820 fún fáólìn kan ṣoṣo. Àwọn orin náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onífáólìn ṣì ń fi wọ́n dán ara wọn wò títí di òní. Yngwie Malmsteen, ará Suwídìn, tí àwo rẹ̀ kan jáde ní 1984, fi irú ọnà bẹ́ẹ̀ sórí gìtá oníná. Nínú eré sinimá kan tí ó jáde ní 1986, Steve Vai, ará Amẹ́ríkà, ta orin kan tí wọ́n fà yọ láti inú ìkarùn-ún nínú àwọn orin Paganini náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo ayé ti ń fi ara ṣiṣẹ́ kí àwọn náà lè ta á.

Ìmọ̀ ọwọ́ tí wọ́n ń lò kò ju mẹ́rin lọ bí a bá kó wọn jọ. Èkíní ni pé kí ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn máa lọ sísàlẹ̀, kí ó sì máa bọ̀ sókè, láìfi ìró kan sílẹ̀. Èkejì ni pé kí a wọ́ ike náà kọjá lórí okùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, nígbà tí ìka òsì ń tẹ ìró kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ kí wọ́n má baà dà pọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí ìka òsì fúnra rẹ̀ máa lu okùn tàbí kí ó máa já a, tí ọwọ́ ọ̀tún kò fi ní láti ta gbogbo ìró. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ọwọ́ ọ̀tún náà wá sórí ọrùn gìtá, kí ó máa fi ìka tẹ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì. Ẹni tí ó mú èyí gbajúmọ̀ jù ni Eddie Van Halen, ní 1978. Òwe wa ní ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí ọwọ́ méjèèjì bá pàdé lórí ọrùn gìtá báyìí, ìró tí ó jìnnà síra wọn lè di aládùúgbò.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé ẹrú ni ìmọ̀ ọwọ́, orin ni ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ó wọ́ ike kọjá lórí okùn nítorí pé orin náà fò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe. Ẹni tí ó wọ́ ọ kìkì nítorí pé ó mọ̀ ọ́n wọ́, orin ni ó sọ di ẹrú.

Wàyí o, ẹnì kan lè béèrè pé: ṣé orin Òyìnbó nìkan ni ó yẹ ní gbígbé sórí gìtá? Àwa náà kò ha ní orin àtayébáyé, tí ó ní ètò, tí ó ní ọ̀gá, tí ọmọ ń kọ́ lọ́wọ́ baba fún ọ̀pọ̀ ọdún? A ní in. Ẹ wo ìlù dùndún. Ọmọ àyàn a máa bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kó tó di pé a gbé ìyáàlù lé e ní èjìká. Ìyáàlù ni í sọ̀rọ̀. Òun ni í kí ọba, òun ni í ki oríkì, òun ni í pa òwe. Gúdúgúdú, kẹríkẹrì, ìsáájú àti kànnàǹgó ń tẹ̀lé e; oníkálukú ní ìwọ̀n ìró tirẹ̀ tí ó ń lù láìyẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ọ̀kan nínú wọn ní òun nìkan, ó lè rò pé kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá pé, ìró èkíní á bọ́ sínú àlàfo èkejì, wọn a sì di odidi bí aṣọ híhun.

Orin yìí gan-an ni àwọn òṣèré wa gbé sórí gìtá, wọ́n sì ti ń ṣe é kí àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó tó máa sáré lórí orin Paganini. Nínú orin jùjú ni wọ́n ti ṣe é. Túndé King gba orin jùjú sínú àwo ní Èkó ní 1936. Ní ìgbà náà, ohun-èlò olókùn kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lò, ohùn olórin kò sì gbọdọ̀ rì sábẹ́ ìlù. Bí wọ́n bá mú ìlù ńlá wọlé, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ okùn mọ́. Ní nǹkan bí 1948 ni a sọ pé Àkànbí Wright mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Ní nǹkan bí 1949, Àyìndé Bákàrè, tí òun náà ti ń gba orin sínú àwo láti 1937, bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mànàmáná ran okùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun ìyanu ni èyí jẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ti òkè òkun wá, tí ẹnì kan lè rò pé yóò lé ìlù wa jáde, òun gan-an ni ó ṣílẹ̀kùn fún ìlù wa láti wọlé. Nígbà tí okùn àti ohùn ti lágbára, gángan lè máa sọ̀rọ̀ bí ó ti wù ú, ẹnikẹ́ni kò sì ní bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ó di ìgbà Ebenezer Obey àti Sunny Adé, àwọn méjèèjì tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láàárín 1960 sí 1970, gìtá kan kò tó mọ́. Wọ́n ń lo mẹ́ta, wọ́n ń lo mẹ́rin, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi etí sílẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ètò dùndún ni wọ́n fi pín iṣẹ́ fún àwọn gìtá náà. Gìtá kan ni ìyáàlù. Òun ni ó ń ṣíwájú tí ó sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù dà bí omele. Ìró kéékèèké ni wọ́n ń ta láìdúró, ti ẹnìkan ń bọ́ sínú àlàfo ti ẹnìkejì. Wọn kò gbé igi àti awọ ìlù sórí gìtá. Mùdùnmúdùn rẹ̀ ni wọ́n gbé: ọ̀rọ̀ sísọ àti pípín iṣẹ́.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa dán an wò. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: ohùn ìsàlẹ̀ tí a ń pè ní dò, ohùn àárín tí a ń pè ní re, àti ohùn òkè tí a ń pè ní mí. Ohùn wọ̀nyí ni ó ń sọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ tí í ṣe r r, ọkọ́ tí í ṣe r m, àti ọkọ̀ tí í ṣe r d. Ẹ wá mú òwe kan tí kò sí ọmọ oko tí kò mọ̀ ọ́n: Kò séwu lóko, àfi gìrì àparò. Ẹ ka ohùn rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: d m r m r, d r d d d r d. Ìró méjìlá ni. Ẹni tí ó ń kọ́ gìtá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè ta á. Ẹ yan ìró mẹ́ta lórí okùn kan ṣoṣo, kí ẹ ta òwe náà bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́, kí ẹ dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn “lóko”, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti ń mí.

Ìró mẹ́ta yìí tọ̀nà, síbẹ̀ kò tíì jọ ohùn ènìyàn, kò sì tíì jọ ti ìyáàlù. Kí ni ó kù? Ohun tí ó kù ni yíyọ́ ohùn. Nígbà tí a bá sọ pé “kò sé”, ohùn wa kì í fò láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn; ńṣe ni ó ń yọ́ gòkè. Onídùndún mọ èyí. Bí ó bá fẹ́ kí ohùn yọ́ gòkè, yóò fún àwọn ọsán tí ó wà lára ìlù náà, awọ yóò le, ìró rẹ̀ yóò sì lọ sókè láìjá. Onígìtá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi ìka tí ó tẹ okùn ti okùn náà sí ẹ̀gbẹ́, okùn yóò le sí i, ìró rẹ̀ yóò sì yọ́ gòkè gẹ́gẹ́ bíi ti ìlù. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ níbi méjèèjì: ohun tí ó ń dún ni a fà kí ó le. Nítorí náà, fífa okùn sí ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ Yorùbá. Ọwọ́ onídùndún ti ń ṣe é kí gìtá tó dé ilẹ̀ wa.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀, nítorí pé fífa okùn a máa mú ìró lọ sókè nìkan. Báwo ni a ó ṣe mú un yọ́ sísàlẹ̀, bí ó ti ń ṣe ní ìparí “àparò”? A ó kọ́kọ́ fa okùn náà sí ẹ̀gbẹ́ láìta á, a ó wá ta á, lẹ́yìn náà a ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kí ìka máa yọ̀ lórí okùn láti ìró kan dé èkejì. Nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé, Démọ́lá Adépọ̀jù lo irú gìtá kan tí ó ṣẹ̀ wá láti erékùṣù Hawaii, èyí tí a ń gbé sílẹ̀ gbalaja, tí a sì ń fi ọ̀pá irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Nínú àwo Juju Music tí ó jáde ní 1982, gbogbo ayé gbọ́ bí ohun-èlò yìí ṣe ń ké bí ohùn ènìyàn. A kò dá a fún èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n nítorí pé ó mọ bí a ti ń yọ́, ó bá èdè wa mu.

Ohun kan tún kù. A ti sọ pé ìró gìtá oníná lè pẹ́. Ní orin dùùrù, àǹfààní ni èyí. Ní ti ìlù, ìdíwọ́ ni, nítorí ìró ìlù kì í pẹ́ kú. Bí a bá fi ìró gígùn ta òwe, ọ̀rọ̀ yóò lẹ̀ mọ́ra wọn. Nítorí náà ni onígìtá fi gbọ́dọ̀ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún kan okùn díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí ìró lè gé. Ẹ kíyè sí i pé ìmọ̀ tí ó wúlò fún orin kan lè ba òmíràn jẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni ó burú bí ìró kan bá ṣì. Ẹ jẹ́ kí ìtàn dá a lóhùn. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi dé ilẹ̀ wa, a túmọ̀ àwọn orin ìsìn Òyìnbó sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn Òyìnbó ni a fi ń kọ wọ́n. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti fẹ́ gòkè, orin a máa sọ̀kalẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, orin a máa gòkè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí kò rí ìwé lọ́wọ́ kò lè mọ ohun tí à ń kọ. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, rí èyí. Ó dá orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ẹ̀kọ́ tí ìjọ kọ́ nígbà náà ni onígìtá gbọ́dọ̀ kọ́ lónìí. Bí a bá gbé oríkì ẹnì kan sórí gìtá tí a kò pa ohùn rẹ̀ mọ́, a lè máa rò pé à ń kí i, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Kódà bí a bá pa á mọ́, ìró kan náà lè bá ọ̀rọ̀ púpọ̀ mu. Ìdí nìyí tí àwọn àyàn fi ń lo òwe àti oríkì tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Òye ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta àti ẹni tí ń gbọ́ pọ̀.

A kò gbọdọ̀ rò pé apá kan ṣoṣo ni ọ̀nà yìí ń lọ. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, tí ó kọ́ iṣẹ́ dùùrù lọ́dọ̀ Phillips, mú orin àríyá tí gbogbo ènìyàn ń jó sí, tí a ń pè ní Akinla, ó sì gbé e fún ẹgbẹ́ onífáólìn nínú iṣẹ́ rẹ̀ African Suite ní 1944. Bí àwa ti lè gba ti Bach, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onífáólìn lè gba tiwa. Ẹni tí ó ní nǹkan nílé ni í lè bá ẹlòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀.

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe bẹ̀rẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó gbọ́ orin náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ó tó fi ọwọ́ kan okùn, títí yóò fi lè fi ẹnu kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó bi ara rẹ̀ pé: bí a bá yọ ohun gbogbo kúrò nínú orin yìí, kí ni kò gbọdọ̀ kúrò? Bí ó bá jẹ́ òwe ìlù, ohùn ọ̀rọ̀ ni; bí ó bá jẹ́ Chaconne ti Bach, ìró ìsàlẹ̀ tí ń padà wá ni. Kí ó kọ èyí sílẹ̀ ní dò rè mí. Kí ó wá ọ̀nà fún ìka rẹ̀, kí ó sì dán ju ọ̀nà kan wò kí ó tó yan. Nígbà náà ni kí ó ta á jẹ́jẹ́, kí ó má yára ju bí ó ti lè ta á láìṣì. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Bí iná mànàmáná kò bá sí ní abúlé, èyí kò ní kí ó má ṣiṣẹ́, nítorí okùn gìtá oníná ń dún jẹ́jẹ́ láìsí ẹ̀rọ; ẹni tí ń ta á yóò gbọ́ ara rẹ̀, kò sì ní dí ẹni tí ń sùn lọ́wọ́. Lópin gbogbo rẹ̀, kí ó ta á fún ẹni tí ó mọ orin náà ní ibùgbé rẹ̀ àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ òwe ìlù, kí ó lọ bá àyàn. Bí àyàn bá gbọ́ ọ tí ó sì dáhùn, a ti gbé e dé.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì jù, nítorí kò ní dúró dè wá títí láé. Ìwé ni wọ́n kọ orin Bach àti ti Paganini sí. Bí ọ̀gá kan bá kú lónìí, ìwé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí àti ọwọ́ àwọn àyàn ni púpọ̀ nínú orin ìlù wa wà, láti ẹnu baba sí etí ọmọ. Bí baba bá kú kí ọmọ tó gbọ́, ohun tí ó lọ kò ní padà wá. Ọ̀dọ́ tí ó ní gìtá lọ́wọ́, tí ó sì jókòó ti àgbà onílù láti gba òwe mẹ́wàá, iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, bí ìka rẹ̀ kò tilẹ̀ yá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ́ ti Paganini bí agbára yín bá gbé e, kí ìka yín lè mọ ọ̀nà. Ẹ kọ́ ti Bach, kí ọkàn yín lè mọ ètò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé ilé onílé ni ẹ mọ yàrá rẹ̀ tán, tí ẹ kò sì mọ ti baba yín. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.